Kí òjò tó dé: ibo ni kí àdúgbò wa ní Bàrígà ti bẹ̀rẹ̀, gọ́tà, ìdọ̀tí ọjà àbí òrùlé?

Akọ̀wé CDA, Bàrígà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè yìí wà fún àwọn tó mọ iṣẹ́ gọ́tà, iṣẹ́ ìdọ̀tí àti iṣẹ́ òrùlé dáadáa.

CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) wa kó òpópónà mẹ́ta pọ̀, ilé tó wà níbẹ̀ tó 85. Gọ́tà kan ṣoṣo ni omi gbogbo wa ń gbà: ó gùn tó 300 mítà, ó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ńtímítà, ó sì jìn ní 70. Inú kánáà ló ń dà sí, kánáà náà sì já sí ọ̀sà. Ẹrẹ̀ ti kún un dé ìdajì. Bí òjò ńlá bá rọ̀ fún wákàtí kan péré, omi ti wọlé àwọn tó wà lápá ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ọjà kékeré kan wà lápá òkè, ẹ̀fọ́ àti èso ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbá jọ lálẹ́, inú gọ́tà ló ń gbẹ̀yìn sí. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, ooru kì í jẹ́ kí àwọn tó wà lábẹ́ páànù lásán sùn.

Ìpàdé ti fẹnu kò pé kí ilé kọ̀ọ̀kan dáwó, kí a má kàn máa wo ojú ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́ yìí. Àwọn kan ní kí a kó gọ́tà. Àwọn kan ní ìdọ̀tí ọjà ni kó ṣáájú. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a fi ọ̀dà funfun kun òrùlé kí a sì gbin igi. Owó náà kò lè tó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èwo ló yẹ kó ṣáájú, báwo la sì ṣe máa ṣe é tí kò fi ní padà sí bó ṣe wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ìwọ̀n sí i.

Birikìlà Ṣómólú

Ẹ kú làálàá àdúgbò o, Akọ̀wé. Gọ́tà ni kó ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ ọjà sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, torí bí ẹ bá kó gọ́tà tí ọjà ṣì ń da ẹ̀gbin sí i, owó yín ti bómi lọ. Òrùlé àti igi lè dúró.

Ẹ ṣírò ẹrẹ̀ náà kí ẹ tó ra ṣọ́bìrì kankan. 300 mítà, ẹ fi 0.6 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 0.35 sọ ọ́ di púpọ̀: kúbíìkì mítà 63. Ẹrẹ̀ gọ́tà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ máa ń tó tọ́ọ̀nù 1.7 ní kúbíìkì mítà kan, nítorí náà ohun tó lé ní tọ́ọ̀nù 100 ló wà nílẹ̀ yẹn. Típà tó ń gbé tọ́ọ̀nù márùn-ún yóò lọ yóò bọ̀ ju ìgbà 20 lọ. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ CDA ti ń dàrú. Wọ́n á pe ará àdúgbò jáde ní Sátidé, wọ́n á wa ẹrẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, kò ní sí ọkọ̀ tó máa kó o, òjò àkọ́kọ́ á sì gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú. Ẹ má wa ju ohun tí ọkọ̀ lè kó láàárín ọjọ́ méjì lọ.

Bí owó bá kéré, 100 mítà ìsàlẹ̀ ni kí ẹ mú lọ́dún yìí. Ìyẹn jẹ́ kúbíìkì mítà 21, tọ́ọ̀nù bíi 36, ìrìn típà mẹ́jọ. Àpò ìrẹsì ni kí ẹ fi kó o, ṣùgbọ́n ẹ má kún un dẹ́nu. Lítà 25 péré nínú àpò kan ti tó kílò 42. Àpò tó bá kún á lé ní 100, á ya, á sì ba ẹ̀yìn ẹni tó gbé e jẹ́. Báyìí, ẹ nílò àpò bíi 840. Ẹ gún ihò sí ìdí àpò, ẹ tò wọ́n ní òòró lórí ilẹ̀ tó le fún ọjọ́ kan, omi á ro jáde, ẹrù á sì fúyẹ́. Lébìrà kan tó mọ iṣẹ́ lè wa kúbíìkì mítà kan ààbọ̀ jáde lóòjọ́. Ẹni tó ń di àpò àti ẹni tó ń gbé e kò sí nínú ìṣirò yẹn o.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láti ẹnu kánáà, kí ẹ máa bọ̀ lókè. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kó òkè, omi á sáré wá bá ìdènà nísàlẹ̀, àwọn tí omi ń wọlé wọn tẹ́lẹ̀ ni yóò tún jìyà ẹ̀. Ẹ tún wo kánáà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó náwó. Bí ẹrẹ̀ inú kánáà bá ga ju ìsàlẹ̀ gọ́tà yín lọ, kò sí ibi tí omi máa gbà. Kánáà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń kó o, ìwé ni ẹ máa kọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí gọ́tà ṣe dà. Rọ́bà tó mọ́ gaara, gígùn rẹ̀ 20 mítà, ẹ bu omi sí i, kí ẹnì kan di ìkángun kan mú lókè, kí ẹnì kejì di òdìkejì mú nísàlẹ̀. Omi inú rọ́bà máa ń dọ́gba ní ìkángun méjèèjì. Láti ojú omi yẹn ni ẹ ó ti wọn ìjìnlẹ̀ dé ilẹ̀ gọ́tà lápá kọ̀ọ̀kan. Ó kéré tán, ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ńtímítà 5 rẹlẹ̀ ju òkè lọ láàárín 20 mítà. 10 ló dára jù. Ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ kankan kò há sínú rọ́bà, torí ó máa ń parọ́ ìwọ̀n. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé ilẹ̀ gọ́tà ga sókè dípò kó rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ yóò máa jókòó sí títí ayé, bó ti wù kí ẹ kó o tó. Ẹ fọ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ tún un dà. Ṣùgbọ́n tí gọ́tà náà kò bá ní ilẹ̀ kọnkéré, ẹ má wa ilẹ̀ kọjá ìdí búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ògiri á wó sínú.

Sílábù tí kálukú dà síwájú ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀tá kejì. Ẹnikẹ́ni kò rí abẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè kó o. Ẹ fọ́ èyí tí wọ́n dà mọ́ ògiri, kí ẹ dà á ní wẹ́wẹ́ tí a lè ṣí: gígùn 90 sẹ̀ńtímítà, kí 15 lè jókòó lórí ògiri lápá kọ̀ọ̀kan, fífẹ̀ 45, nínípọn 10. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò tó kílò 97, èèyàn mẹ́rin lè gbé e. Símẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Irin 12 mm, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ 15 sẹ̀ńtímítà, kí ó sì wà nísàlẹ̀ sílábù, sẹ̀ńtímítà méjì ààbọ̀ sí abẹ́. Ọ̀pọ̀ ń gbé irin sí àárín tàbí sókè, ìdí nìyẹn tí sílábù fi ń là tí mọ́tò bá gùn ún. Ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe etí méjì tí a ó fi máa gbé e. Ẹ fi omi rin ín fún ọjọ́ méje, ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ gorí rẹ̀ kó tó pé ọjọ́ 28.

Ohun kan tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbójú fò: kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ títì tàbí abẹ́ sílábù gígùn lọ kó ẹrẹ̀. Gáàsì tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ wà níbẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, imú kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ẹni náà á sì ṣubú láìkígbe. Ẹni tó bá wọlé lọ gbé e jáde á ṣubú tì í. Láti ìta ni kí ẹ ti fi ọ̀pá gígùn fa ẹrẹ̀ jáde. Bàtà ròbà dé orúnkún, ìbọ̀wọ́ tó nípọn (abẹ́rẹ́ àti ìgò fífọ́ kì í tán nínú gọ́tà Èkó), ọṣẹ àti omi púpọ̀ nítòsí. Ẹni tó bá ní egbò lẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ìtọ̀ eku inú omi yẹn ń fa àìsàn tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́.

Tí ẹ bá parí, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin dí ẹnu gọ́tà lápá ọjà, kó máa gba náílọ́ọ̀nù dúró.

Wẹ́dà Ìlúpéjú

Ẹ̀gbọ́n Birikìlà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì yẹn léwu. Nẹ́ẹ̀tì tó ní ojú wẹ́wẹ́ á dí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á sì di ògiri. Omi á gbà á lórí wọ ọjà. Irin gbọọrọ ni kó jẹ́, kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì.

Fún gọ́tà tó fẹ̀ ní 60: irin 16 mm mẹ́jọ ní òòró, àlàfo àárín wọn á lé díẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 5. Ewé kéékèèké àti yanrìn á kọjá, ike omi àti àkójọ náílọ́ọ̀nù á dúró. Férémù rẹ̀, áńgù 50 mm. Ẹ dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ní ìwọ̀n dígírì 60 sí ilẹ̀ gọ́tà, kí orí rẹ̀ tẹ̀ sí ibi tí omi ń lọ. Bó bá dúró gbọnrangandan, ẹ̀gbin á lẹ̀ mọ́ ọn, réékì kò sì ní lè fà á gòkè. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 20 sẹ̀ńtímítà rẹlẹ̀ ju etí gọ́tà lọ. Gọ́tà yín jìn ní 70, nítorí náà gíga rẹ̀ á jẹ́ 50, irin kọ̀ọ̀kan á sì gùn ní 58. Àyè 20 yẹn ni omi máa gbà kọjá tí irin bá dí. Òun ló ń yà á sọ́tọ̀ sí ìdènà.

Ẹ má ṣe é mọ́ ògiri. Ẹ jẹ́ kó wọ inú ojúhò irin tí a ṣe sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí a lè fà á yọ, kí ẹ sì fi àgádágodo dè é, torí àwọn tó ń ṣa irin kò ní fi í sílẹ̀. Ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí wọ́n máa gbé e sí: ibi tí gọ́tà wà ní gbangba, tí èèyàn lè dúró pẹ̀lú réékì, tí bárò sì lè dé. Ní ẹnu sílábù kọ́, torí kò sẹ́ni tó máa lè dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan ni a ó máa kó o. Bí kò bá sí ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ yẹn, ẹ má ṣe irin náà rárá. Gọ́tà tí kò ní irin sàn ju èyí tí irin rẹ̀ dí lọ.

Alájílẹ̀ Mushin

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọjà.

Ewé, èèpo àti èso tó ti rà ló pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí àwọn ìyá yẹn. Tí wọ́n bá kó o pọ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù lọ sí ààtàn bíi ti Olúṣòsùn ní Òjòta, ìdọ̀tí mìíràn á bò ó mọ́lẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, á sì máa tú gáàsì mẹ́táànì jáde, èyí tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná tó ìlọ́po 28 ti kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì láàárín 100 ọdún. Tó bá jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé sí i, mẹ́táànì yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ tó bá fi ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kan ṣoṣo gbóná sí i lè gbé omi tó fi bíi 7% pọ̀ sí i, òun ni òjò ńlá fi ń le sí i. Nítorí náà ìdọ̀tí ọjà yín àti omi tó ń wọlé yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì.

Ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó kan ìsọ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ó jẹ́ òun ló máa gbé e kalẹ̀ fún ọjà. Agbọ̀n kan fún ewé àti èèpo, àpò kan fún náílọ́ọ̀nù àti ike, sí ìlà ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Agbọ̀n náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìsọ̀ ju gọ́tà lọ. Bí wọ́n bá ní láti rìn jìnnà, gọ́tà ni wọ́n á lò. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ka iye agbọ̀n tó ń jáde lójúmọ́ kí ẹ tó kan àpótí kankan. Fómù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ti di èèwọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó láti January 2024, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú òfin àwọn ike ìlò ẹ̀ẹ̀kan ní July 2025, nítorí náà Ìyálọ́jà ní ohun tó lè tọ́ka sí.

Ẹ kan àpótí pákó mẹ́ta tí ewé àti èèpo yẹn máa jẹrà di ajílẹ̀ nínú rẹ̀, tó fẹ̀ ní 1.2 mítà lọ́nà méjèèjì, tó ga ní mítà kan, àlàfo láàárín pákó kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ohun tó bá kéré ju mítà kan lọ kò ní gbóná, tí kò bá sì gbóná, kòkòrò àti èso ìgbẹ́ inú rẹ̀ kò ní kú. Ilẹ̀ tó le ni kí ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí gọ́tà tó mítà méjì, torí omi dúdú máa ń ro láti inú rẹ̀. Páànù sórí, kí òjò má bàa rin ín.

Agbọ̀n gbígbẹ méjì sí tútù (ìdọ̀tí ọjà) kan. Gbígbẹ ni ewé tó ti gbẹ, páálí tí a ya wẹ́wẹ́, ìyẹ̀fun pákó lábẹ́ ayùn káfíńtà. Ìyẹ̀fun pákó kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbígbẹ náà lọ, ó máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ẹ má sì gba ti pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un: ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde. Bó bá ń ṣàn, ẹ fi gbígbẹ kún un.

Ẹ ki irin gígùn kan bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ní ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin, ó yẹ kó gbóná débi tí ọwọ́ kò ní lè dì í mú. Ìyẹn ti wà ní bíi dígírì Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 55 sí 65. Tó bá ti tutù díẹ̀, ẹ yí i padà sínú àpótí kejì, kí èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí àárín. Lẹ́yìn náà, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ń rùn bí ìtọ̀, tútù ti pọ̀ jù. Tó bá ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́, kò sí afẹ́fẹ́, ẹ yí i kíákíá. Tí kò bá gbóná rárá, ó ti gbẹ jù tàbí ó kéré jù. Oṣù méjì sí mẹ́ta, ó ti di ilẹ̀ dúdú. Ẹja, ẹran àti oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, eku ni wọ́n ń pè. Ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó tà á fún àwọn olódòdó etí títì; náílọ́ọ̀nù díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti lé oníbàárà sẹ́yìn.

Ike àti náílọ́ọ̀nù tó mọ́, ẹ tà á fún àwọn tó ń rà á ní kílò. Èyí tó bá ti wọ gọ́tà kò lówó lórí mọ́, PSP (àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí) ni kó gbé e.

Ọlọ́dà Sùúrùlérè

Díẹ̀ lórí òrùlé, torí àwọn ọ̀dọ́ yẹn kò ṣìnà. Ọ̀dà funfun máa ń dá oòrùn padà, yàrá tí kò ní síìlì ló sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ní ilé àwọn àgbà àti àwọn tó ní ọmọ ọwọ́.

Òrùlé 60 mítà onígun mẹ́rin: lítà kan ń bo bíi 8 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ máa kùn ún, páànù tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ sì ń jẹ ọ̀dà ju èyí tó tẹ́ lọ, nítorí náà báàkẹ́ẹ̀tì 20 lítà kan. Ọ̀dà àkírílíìkì ti ìta ni o. Ọ̀dà ògiri inú ilé á bó lójò àkọ́kọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ èéfín àti eruku, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ìpẹtà, ẹ fi ọ̀dà pupa kun ibẹ̀ ná. Páànù tuntun tó ń dán kì í gba ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kí òjò ọdún kan pa á. Òrùlé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, ẹ má ha á rárá, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Àwọn kan á dámọ̀ràn kí ilé kọ̀ọ̀kan ra tánkì láti fi gba omi òjò kí àgbàrá lè dínkù. Ó dára fún omi ìfọṣọ, ṣùgbọ́n ẹ má tà á fún ìpàdé gẹ́gẹ́ bí oògùn àgbàrá. Mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà kan. Òjò 60 mílímítà lórí òrùlé yẹn á mú lítà 3,600 wá. Tánkì 1,000 lítà á ti kún kí òjò tó dé ìdajì. Ẹni tó bá sì ṣe é, kó jẹ́ kí lítà 30 àkọ́kọ́ ṣàn dànù, ìgbẹ́ ẹyẹ àti èéfín ló wà nínú rẹ̀, kó sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ẹnu rẹ̀.

Igi: ẹ dúró de oṣù karùn-ún kí òjò lè bá yín bomi rin ín. Ẹ má gbin igi fúrúùtù (ìyẹn álímọ́ńdì) sẹ́bàá gọ́tà. Ewé rẹ̀ ńlá ńlá ni, ó sì ń wọ́ wìtìwìtì.

Akọ̀wé CDA, Bàrígà

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á san yín lẹ́san. A ti gbà: 100 mítà ìsàlẹ̀ àti ọjà. Ó ku ìbéèrè méjì. Nígbà míì tí ọ̀sà bá kún, omi kánáà ń padà wọ inú gọ́tà láìsí òjò rárá. Ǹjẹ́ ilẹ̀kùn tó ń ti ara rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kejì, báwo la ṣe máa rí típà láìsan gbogbo owó náà fúnra wa?

Birikìlà Ṣómólú

Wẹ́dà, òótọ́ lẹ sọ nípa irin, mo gbà.

Akọ̀wé, ilẹ̀kùn yẹn wà: abala irin tí ìdè rẹ̀ wà lókè, omi gọ́tà á tì í síta, omi ọ̀sà á tì í padà. Ṣùgbọ́n igi kékeré kan tàbí ike kan lè há sí i lẹ́nu, kò sì ní tì mọ́. Nítorí náà irin Wẹ́dà gbọ́dọ̀ wà ṣáájú rẹ̀, kí ẹnì kan sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi gírísì sí ìdè rẹ̀. Tí òjò bá sì rọ̀ nígbà tí ọ̀sà kún, ilẹ̀kùn á tì, omi òjò á dúró sínú gọ́tà títí ọ̀sà yóò fi sọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ọ̀sà ń kún tó sì ń sọ̀, nítorí náà ó jẹ́ ọ̀rọ̀ wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn tó lè yẹ̀ ẹ́. Àwọn ilé ìsàlẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì iná sókè. Ọjọ́ tí ẹ bá máa wa ẹrẹ̀ lẹ́nu kánáà, àsìkò tí ọ̀sà ń sọ̀ ni kí ẹ mú.

Típà: ẹ kọ ìwé kan náà sí LCDA (ìjọba agbègbè) Bàrígà àti sí ọ́fíìsì tó ń rí sí gọ́tà ní Ministry of the Environment ní Aláùsá, tí àwọn òṣìṣẹ́ EFAG (ikọ̀ tó ń kó gọ́tà nítorí àgbàrá) wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má kọ "ẹ ràn wá lọ́wọ́". Ẹ kọ gígùn, fífẹ̀, iye kúbíìkì mítà, iye àpò, ọjọ́ tí ẹ máa wa á, ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí, àti pé àdúgbò ló máa wa á, tó máa dì í, tó sì máa gbé e sọ́kọ̀. Ọkọ̀ nìkan lẹ ń tọrọ. Ẹ so fọ́tò mọ́ ọn, kí rúlà tàbí ọ̀pá ìwọ̀n wà nínú ẹrẹ̀. Ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà yín. Ẹ fi ránṣẹ́ kí oṣù kejì tó parí, torí tó bá di oṣù kẹrin, gbogbo àdúgbò ni yóò máa bèèrè ọkọ̀ kan náà.